Ẹni Keje ní Kíláàsì Ìṣirò Ìjìnlẹ̀

Aṣọ òjò tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ kí. Ó tẹrí ba fún un dáadáa, ó ní, "Ẹ káàsán mà," ó sì dúró kí aṣọ òjò dá òun lóhùn.

Obìnrin tó ń lọ etí jígí lórí ẹ̀rọ nídìí fèrèsé gbójú sókè. Ọkùnrin gíga kan ló rí, tí ẹfun ìkọ̀wé kún apá ẹ̀wù rẹ̀ ọ̀tún dé ìgúnpá. Awò ojú rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì, okùn funfun ló fi so ó pọ̀ sójú. Jígí apá kan ti jábọ́, ó wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rọra dì í mú bí ẹni tó mú ẹyin dání.

Ẹ̀rín ti dé ètè obìnrin náà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí ṣe dúró, tó ń retí ìdáhùn láìkánjú, láìbínú, wọ̀ ọ́ lọ́kàn lọ́nà tí kò lè ṣàlàyé. Ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ káàsán sà," ló wí láti ìdí fèrèsé. "Ẹ má bínú sí ìyá tí ẹ kí yẹn. Wọn kì í sábà dáhùn."

Ọkùnrin náà yíjú síhìn-ín, ó yíjú sọ́hùn-ún, ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé e. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ó ní. "Mo ti ń rò pé mo ṣẹ̀ wọ́n ni."

Aláwò ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí, nítorí awò ojú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún kejìlá rèé tó ti wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, tó ń bu omi sí òkúta ìlọ̀, tó ń lọ jígí títí yóò fi wọ inú férémù wẹ́kú. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Kò tíì lọ́kọ. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, a ní ọmọ ni òun ń tọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Ó fa àga fún ọkùnrin náà, ó gba awò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

"Ta ló so èyí?"

"Èmi ni."

"Ọpẹ́ ni pé ẹ kì í ṣe dókítà oníṣẹ́ abẹ."

"Tíṣà ni mí. Ọmọ kan ló bi mí ní ìbéèrè kan tó dùn mọ́ mi. Mo bọ́ awò sílẹ̀ kí n lè ronú, nígbà tó yá mo jókòó lé e."

"Ẹ rí ìdáhùn ìbéèrè náà?"

"Mo rí i. Àmọ́ láti ìgbà náà, mi ò rí nǹkan mìíràn mọ́."

Ẹ̀rín tí Aláwò ti gbé mì tẹ́lẹ̀ padà já jáde. Ó lẹ férémù pọ̀, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu jígí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló fi í sójú ọkùnrin náà, ó ń wò ó bóyá ó tẹ̀ sí apá kan. Ohun àkọ́kọ́ tí Tíṣà rí kedere láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni ojú obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, tó pa ètè pọ̀ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó gbàgbé láti dìde.

"Ṣé ó ń fún yín ni?" Aláwò béèrè.

"Rárá," ó ní. "Ó dára gan-an ni."

Bóyá awò ló ń sọ, bóyá kì í ṣe awò. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Tíṣà padà wá. Ó ní nọ́ọ̀tì ti dẹ̀. Aláwò fi irin kàn án, nọ́ọ̀tì náà le dan-in. Ó ṣe bí ẹni tó yí i, ó dá a padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta, nọ́ọ̀tì tún "dẹ̀".

"Tíṣà," Aláwò wí, "láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí nọ́ọ̀tì tó mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yàtọ̀."

"Ṣé kí n máa wá lọ́jọ́ mìíràn ni, kó má baà mọ́ ọn lára?"

"Ẹ máa wá lọ́jọ́ tó bá wù yín. Ẹ kàn fi nọ́ọ̀tì olóòótọ́ yẹn sílẹ̀, kò ṣẹ̀ yín."

Báyìí ni wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́. Bí oníbàárà kò bá sí, wọn a jókòó, wọn a mu omi tútù, wọn a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Aláwò tó bi í pé ilé ìwé wo ló ti ń kọ́ni. Nígbà tó dárúkọ rẹ̀, obìnrin náà pa ẹ̀rọ.

"Àbúrò mi wà níbẹ̀! Kíláàsì karùn-ún ló wà. Kí lẹ ń kọ́ wọn?"

"Ìṣirò Ìjìnlẹ̀."

"Ó ń ṣe é! Ìbéèrè là ń pè é nílé, nítorí láti kékeré ni ẹnu rẹ̀ kì í sinmi."

Tíṣà bọ́ awò, ó nu ún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́nú. "Ọmọ tó mú kí n jókòó lé awò mi gan-an nìyẹn."

Ìṣirò Ìjìnlẹ̀ yìí, kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá yàn án ló ń ṣe é, lórí ìṣirò tí gbogbo ọmọ ń ṣe. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń kọ́ ọ, kí agogo tó lù, wọn a tún kọ́ ọ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá yàn án ló ń já a sílẹ̀. Ní kíláàsì karùn-ún, ọmọ méje péré ló kù.

Ohun tí Tíṣà kò mọ̀ ni bí ẹ̀kọ́ yẹn ṣe jẹ́ fún Aláwò. Nígbà tí òun náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, òun ló ń ṣe ipò kìíní nínú rẹ̀. Afárá ló fẹ́ máa kọ́, àwọn afárá ńlá tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Lọ́dún náà ni ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn. Àbúrò rẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ. Bàbá wọn, tí í ṣe káfíńtà, kì í kúrò níbi iṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nílé lọ́sàn-án. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ìparí ilé ìwé ló kọ́kọ́ já bọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń kọ́ afárá kì í sì gba ẹni tí kò ṣe é. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìyá kú. Ọmọbìnrin náà gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n, ó sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ jígí.

Kò ráhùn rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ìbéèrè wálé tó ní òun ti yan Ìṣirò Ìjìnlẹ̀, Aláwò wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún ayọ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ó mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Wọn a jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá a máa fi ìwé oníyanrìn ha ẹsẹ̀ àga kan, Tíṣà a di ẹsẹ̀ kejì mú. Nígbà tó dìde lọ lọ́jọ́ kan, Bàbá wo ọmọ rẹ̀ àgbà, ó ní, "Ọkùnrin tó lè di ẹsẹ̀ àga mú fún wákàtí méjì láìbéèrè ìgbà tí yóò parí, ṣé o rò pé àga ló bá wá?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ o."

"Mo kàn béèrè ni."

Inú ayọ̀ yìí ni wọ́n wà tí wọn kò fi tètè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà.

Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi wá dákẹ́. Kì í jẹun tán mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ní ìdánwò ìṣirò, a lọ sẹ́yìn ilé, a lọ bì. Tí Aláwò bá bi í, a ní oúnjẹ ni kò bá òun lára mu. Máàkì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yẹn, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa ti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù lọ sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí àwọn mẹ́fà yòókù ti lọ, ó dúró níwájú tábìlì Tíṣà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń já ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni. Àyè ìfọwọ́sí méjì ló wà níbẹ̀, ti olùkọ́ àti ti òbí. Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn kò ní gbà á mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní. "Mi ò lè mọ́."

Tíṣà wo fọ́ọ̀mù náà pẹ́. Ohun mìíràn wà lọ́kàn rẹ̀ tí ọmọ náà kò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọ̀gá ilé ìwé ti pè é, ó ní àṣẹ tuntun ti dé: bí kíláàsì kan bá ti kéré sí ọmọ méje, wọn yóò kó àwọn tó kù lọ dara pọ̀ mọ́ ti ilé ìwé tó wà ní òdìkejì òpópónà, olùkọ́ wọn a sì lọ síbi tí wọ́n bá ti nílò rẹ̀. Ọ̀gá sì ti sọ ibẹ̀ fún un. Ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko ni.

"Jókòó," ó ní fún ọmọ náà. "Ṣé o ti rò ó dáadáa?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti ń rò ó, sà."

"Bí mo bá ń kọ́ ẹ lọ́tọ̀ ńkọ́? Bí a bá tún un ṣe láti ìpìlẹ̀?"

Ọmọ náà gbìyànjú láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà rí i bó ṣe ń gbìyànjú. Ó wá mọ̀ pé nítorí ara òun ni òun ṣe béèrè ìbéèrè kejì yẹn. Ojú tì í. Ó mú kálámù, ó fọwọ́ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún Àǹtí mi. Wọn á sunkún."

"Mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ gbọ́dọ̀ sọ. Ẹnu rẹ ló ti yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu mi."

Ọmọ náà ṣèlérí. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò lè sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì ọjọ́ tó fọwọ́ síwèé, Tíṣà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bó ṣe máa ń lọ. Ọjọ́ Àìkú dé, ó lọ sílé, ó di ẹsẹ̀ àga mú. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́fun rẹ̀ bí egungun ẹja, ṣùgbọ́n ó ti fún ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, Aláwò ń nu tábìlì tí àbúrò rẹ̀ ti ń kàwé kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ìwé kan, fọ́ọ̀mù náà sì yọ jáde. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Tíṣà. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kà á lórí ìka: ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn.

Nígbà tí Tíṣà dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì, ẹ̀rọ sì wà ní pípa.

"Ẹ jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá," Aláwò wí. Kò pariwo. "Ẹ mu omi mi. Ẹ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bá bàbá mi ṣeré. Gbogbo ìgbà yẹn, ọwọ́ yín wà lórí ìwé yìí."

"Ọmọ náà ló ni ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe tèmi láti gbé wá sórí tábìlì yín."

"Ọmọ wo? Èmi ni mo pọ̀n ọ́n! Èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ rírìn!"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín nìyẹn."

"Ẹ̀ bá kọ̀. Tíṣà wo ló ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sá?"

"Kò sá," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tó ń sá àti ẹni tó rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò jọra."

Aláwò yíjú sí fèrèsé. "Ẹ má wá síbí mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Bí awò yín bá ṣẹ́, aláwò mìíràn wà nísàlẹ̀ òpópónà."

Tíṣà dìde. Ó lè sọ ohun tí ọwọ́ tó fi síwèé yẹn máa ná òun. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ó dàbọ̀ mà," ó sì jáde lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí oúnjẹ tó jinná, Aláwò gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú bàbá wọn. Ìbéèrè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀. Ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá já a sílẹ̀ fún un."

Bàbá bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Ìwọ kọ́ lo já a sílẹ̀ nígbà yẹn," ó ní. "Èmi ni. Mo lọ sí ilé ìwé yín láìsọ fún ẹ, mo fọwọ́ sí i, mo sì padà wá sọ fún ẹ pé ó ti parí. Mi ò bi ẹ́ ní nǹkan kan. Mo rò pé o ti gbàgbé. Àṣé òótọ́ ni wọ́n sọ: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Aláwò ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn láìmọ̀ pé òun ń dúró dè é.

"Ohun tí mo ṣe fún ẹ nígbà yẹn," Bàbá tẹ̀ síwájú, "má ṣe é fún un. Èmi gbà á lọ́wọ́ rẹ láìbèèrè. Ìwọ náà fẹ́ fi í sí i lọ́wọ́ láìbèèrè. Ọ̀kan náà ni." Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. "Ìwọ, wá. Kí ló dé tó o fi yàn án?"

Ọmọ náà sún mọ́ wọn díẹ̀.

"Mo rí ìwé Àǹtí mi nínú àpótí wọn nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta. Ìwé ìṣirò wọn. Mo kà á dé ìparí. Ìparí rẹ̀ kò parí. Wọ́n kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀, wọn ò ṣe é. Mo ní èmi ni n ó parí rẹ̀ fún wọn."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?" Aláwò béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Rárá, Àǹtí mi. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ràn."

Ọmọ náà wá bá Aláwò. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan rẹ̀, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ jù fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìgbà yẹn ni Aláwò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé egungun èjìká rẹ̀ ti yọ. Òun tó ń fún gbogbo ayé ní ojú!

"Kí ló wù ẹ́ gan-an?" ó béèrè nígbà tó yá.

"Àwọn kòkòrò," ọmọ náà ní. "Bí wọ́n ṣe ń mí. Wọn ò ní ẹ̀dọ̀fóró, ẹ mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Aláwò dìde, ó lọ wá kálámù, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e fún bàbá wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà ti ń jẹun, ó ti ń bá àwọn aládùúgbò ṣàwàdà, máàkì rẹ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù sì ti ń gbéra. Aláwò ń rí gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́jọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣì ń ta á lára, ìgbéraga sì jẹ́ ilẹ̀kùn tó rọrùn láti tì ju láti ṣí lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta kọjá. Bí ẹnì kan bá ti tẹ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, orí rẹ̀ a gbé sókè, a tún wálẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹrin, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní Jọ́gíráfì ní ilé ìwé yẹn wá gba awò ìkàwé rẹ̀.

"A ń dáwọ́ jọ," ó ní bó ṣe ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, "láti fi ra nǹkan kékeré fún Tíṣà ìṣirò wa. Ọjọ́ Ẹtì yìí ló ń lọ."

Ọwọ́ Aláwò dúró. "Ń lọ síbo?"

"Ẹ ò gbọ́? Wọ́n ti ti kíláàsì rẹ̀. Ọmọ méje ni àṣẹ wí, ó di mẹ́fà. Èyí tó dùn wá jù ni pé ọ̀gá ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ní, 'Rọra fi ọ̀rọ̀ dídùn mú ọmọ yẹn dúró, títí ọdún yóò fi parí.' Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní òun kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe òpó ilé òun."

Nígbà tí obìnrin náà lọ, Aláwò ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Láti ọdún méjìlá, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ ìsinmi.

Ó bá Tíṣà nínú kíláàsì rẹ̀, ó ń kó ìwé sínú páálí. Àga méje ṣì wà níbẹ̀ lójú ìlà. Aláwò dúró lẹ́nu ọ̀nà, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò nítorí àtẹ̀gùn.

"Ẹ káàsán sà."

"Ẹ káàsán mà." Ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn? Ẹ jẹ́ kí n lé yín jáde."

"Bí mo bá sọ ọ́, àánú mi á ṣe yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bínú sí mi ju kẹ́ ẹ máa káàánú mi lọ." Ó sinmi díẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́jọ yẹn kò rọrùn fún mi. Ó yẹ kí n ti ọmọ náà kó tètè sọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í, mo sì bẹ̀ yín."

Aláwò wọlé, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kékeré náà. Ó sọ fún un nípa fọ́ọ̀mù tí bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ sí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó sọ nípa àwọn afárá. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Tíṣà jókòó sí àga tó kọjú sí i, orúnkún rẹ̀ ga dé àyà nínú àga kékeré náà, ó gbọ́ ọ títí dé ìparí.

"Bí wọ́n bá ti bi yín nígbà yẹn," ó ní, "kí lẹ bá sọ?"

Omijé kún ojú Aláwò. "Ǹ bá ní kí wọ́n já a sílẹ̀. Ǹ bá ṣì dúró ti ìyá mi. Ohun kan náà là bá ṣe. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bi mí ni."

Níta, wọ́n ń fọn fèrè fún àwọn ọmọ tó ń sáré.

"Ibi tí mò ń lọ jìnnà," Tíṣà wí. "Mi ò tíì ní ilé níbẹ̀. Mi ò sì ní ẹnu láti ní kẹ́nì kan fi ṣọ́ọ̀bù ọdún méjìlá sílẹ̀."

"Ẹ ò tíì bi mí."

Tíṣà bọ́ awò rẹ̀, bóyá nítorí kí ó lè ronú, bóyá nítorí ẹ̀rù. Ohùn rẹ̀ jáde ní kékeré. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ẹ̀yin" ló ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó pè é ní "ìwọ". Ó wọ Aláwò lára ju ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ lọ.

"Màá fẹ́ yín," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò lẹ́yìn àbúrò mi títí yóò fi parí ilé ìwé. Oṣù mẹ́rìnlá ló kù. N kò sì ní fi iṣẹ́ mi sílẹ̀."

"Ojú àwọn ará ibẹ̀ náà ń ṣe bàìbàì," Tíṣà wí. "Màá dúró."

Ó dúró. Ó kọ lẹ́tà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́tà kúkúrú tó kún fún ojú ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tuntun tó ń kọ́. Aláwò ń fèsì, a máa bú u pé ìkọ̀wé rẹ̀ burú ju ti ọmọ kíláàsì kìíní lọ. Nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi, Tíṣà a wọ ọkọ̀, a wá jókòó ti Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà kan, wọ́n jà nínú lẹ́tà nítorí pé Tíṣà pẹ́ kó tó fèsì. Ibà ló ti dá a dùbúlẹ̀ tí kò sọ. Aláwò kọ̀wé sí i pé, "Ẹ ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo dárí jì yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di iṣẹ́." Láti ìgbà náà, bí orí bá ń fọ́ ọ, a kọ ọ́.

Oṣù mẹ́rìnlá pé. Ìbéèrè yege, ó rí àyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò jìnnà sílé, níbi tí yóò ti máa kọ́ nípa àwọn kòkòrò rẹ̀. Òun ni yóò máa bá Bàbá gbé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nínú pálọ̀ kékeré ilé Bàbá, níwájú ènìyàn bíi ogún, Tíṣà àti Aláwò di tọkọtaya. Bàbá dìde láti súre. Gbogbo ènìyàn retí ọ̀rọ̀ gígùn. Ó di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ máa bi ara yín léèrè," ó sì jókòó.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbéra. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ìlú tí Tíṣà ti ń kọ́ni. Ilé tuntun tó háyà fún àwọn méjèèjì wà ní òpin òpópónà kan tó dákẹ́, yàrá iwájú rẹ̀ ní fèrèsé ńlá tó kọjú sí ìmọ́lẹ̀, nítorí iṣẹ́ jígí. Ṣùgbọ́n onílé kò tíì dé, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n ní sùúrù, kò ní pẹ́ mọ́.

Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn níwájú ilẹ̀kùn. Aláwò ní òun kàn fẹ́ sinmi ojú díẹ̀. Ó gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí oorun fi gbé e lọ, oorun ẹni tó ti jí láti ọdún pípẹ́ nítorí àwọn ẹlòmíràn. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń kí wọn, Tíṣà ń fi ojú dá wọn lóhùn kó má baà jí i.

Apá rẹ̀ kú tipiri. Kò mira. Nígbà tí onílé wá yọ lókèèrè tó ń mi kọ́kọ́rọ́, tó ń bẹ̀bẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, Tíṣà gbé ìka lé ètè, ó sì fi ọwọ́ kejì júwe fún un pé kó jókòó, kó ní sùúrù díẹ̀ sí i.